Ibi Tí Àǹtí Mi Yóò Ti Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Bàbá Píánò, olórí wa, ti dá ọjọ́ fún mi. Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ní òtẹ́ẹ̀lì tí báńdì wa ti máa ń ṣeré jáàsì lọ́sàn-án. Bí Àǹtí mi, ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọrin fún wa, bá kọ ẹsẹ kejì tán, wọn yóò dákẹ́, èmi yóò sì dá fọn sasofóònù mi. Kì í ṣe ohun tí a kọ sílẹ̀ o. "Ohun tó bá ti inú ẹ wá," bẹ́ẹ̀ ni bàbá wí. Inú mi wo? Ẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀. Ọdún kan péré ni èmi àti Ọrùn-Wíwọ́ — bí mo ṣe ń pe fèrè náà nìyẹn — ti mọra. Ohun tó wà lórí ìwé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fọn. Àǹtí mi kàn ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò gbèjà mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Ilé ìdáná ni mo ti fọn, ilẹ̀kùn ní títì. Ìyàwó mi ní ó dà bí ẹni tó wọ yàrá tán tó gbàgbé ohun tó wá mú. Mo bínú. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Ìdánrawò, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Píánò ti ń ta àga. Mo gbọ́n lójú ara mi — mo ti kọ gbogbo ohun tí n ó fọn sílẹ̀ nílé, mo sì kọ́ ọ sórí. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n mú orin náà yá sí i. Mo sọnù bí ọmọ nínú ọjà. Gbogbo wa dúró. Onílù ń wo bàtà rẹ̀.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n ní, "Ohùn mẹ́ta péré ni kí o mú. Fetí sí ẹ̀gbọ́n ẹ. Ohun tó bá kọ, dá a lóhùn. Ẹni tí ò lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta kí èèyàn, igba ọ̀rọ̀ ò lè gbà á."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo fọn. Ó burú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ba dígí jẹ́ níbi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù awò ojú. Awò olùkọ́ kan ni, ti ojú ọ̀tún. Mò ń lọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọkàn mi wà nínú orin, etí rẹ̀ sì fọ́. Ọ̀gá wò mí títí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ awò ni pé wọ́n ti wọn gbogbo ẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Orin yìí, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ohun mìíràn. Látìgbà tí mo ti ń fetí sílẹ̀ gan-an ni mo ti ń gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánrawò, ibi tó yẹ kí Àǹtí mi gbé ohùn sókè, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo bi wọ́n. Wọ́n ní òtútù ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ó jáde lónìí. Díẹ̀. Àǹtí mi sọ ohùn kalẹ̀, mo gbé e, mo dá a pa dà fún wọn, ó wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó mọ̀ ọ́n. Bàbá Píánò kọjá sí orin tó kàn; lọ́dọ̀ tiwọn, oríyìn nìyẹn. Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn Àǹtí ya bí aṣọ tó ti gbó. Bí mo ṣe ń sìn wọ́n lọ wọkọ̀, mo tún bi wọ́n.

"Fọn fèrè ẹ. Ọ̀fun mi kì í ṣe iṣẹ́ ẹ."

Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Wọn kì í bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Oúnjẹ ò lọ. Mo nu Ọrùn-Wíwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Kí n tètè kọ ọ́ kó tó sá lọ. Òtẹ́ẹ̀lì kún, àwọn èèyàn ń mu tíì. Àǹtí kọ ẹsẹ kejì tán, wọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. Èkejì jáde. Mo rántí ìlà tí wọ́n kọ kẹ́yìn, mo dá a lóhùn, mo tún dá a lóhùn. Mo ṣe é dé òpin, mi ò sì kú. Mo wo Àǹtí, kí wọ́n wọlé.

Wọ́n ya ẹnu. Èémí nìkan ló jáde.

Wọn ò wo àwọn èèyàn. Èmi ni wọ́n wò, wọ́n sì fọwọ́ ṣe é fún mi nísàlẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn ò ti lè rí i: máa lọ. Mò ń lọ. Mi ò mọ ohun tí mo fọn. Mo kàn mọ̀ pé ẹsẹ kẹta ni mò ń dá lóhùn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Bàbá Píánò tẹ̀ lé mi bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, wọn ò dì mí mú. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé bí a ṣe tò ó nìyẹn. Àǹtí mi ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ wọn wà lọ́rùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo yà sílé wọn kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: nǹkan ti hù sí wọn lọ́fun. Dókítà yóò gé e ní Ọjọ́bọ̀. Kò lè ṣèlérí pé ohùn yóò pa dà. Ó ti tó oṣù kan tí wọ́n ti mọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n lọ bá Bàbá Píánò pé kí wọ́n fún mi láyè láti dá fọn.

Mo bínú. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi.

"Bí mo bá sọ fún ẹ, ẹkún ni wàá fọn."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Dókítà ti ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, wọ́n ń di ọwọ́ mi mú.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Píánò pè: ṣé n ó wá ní Àìkú? Mo ní n ó wá. Mi ò tilẹ̀ bi wọ́n pé kí ni n ó fọn. Àìkú ò bà mí lẹ́rù mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni.