Oyin Tó Ń Fi Ẹrẹ̀ Dí Ilẹ̀kùn

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú òyìnbó, bí ilẹ̀ ibí tilẹ̀ tutù mọ́ni láyà. Mo kí Bọ́sẹ̀, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo sì kí gbogbo agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lẹ́tà yín dé. Ẹ ní kí n má tíì wá, pé látìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti dé, gbogbo nǹkan ti wọ́n, kí n fi owó ọkọ̀ òfuurufú kọ́lé ná, pé ẹ ó dúró dè mí. Mo gbà pẹ̀lú yín tẹ́lẹ̀.

Mo ṣì ń fọlẹ̀ ní ọsibítù. Òtútù ti dín, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sọ́ńdè ibí dákẹ́ jù. Ènìyàn lè wà nínú yàrá látàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má béèrè bóyá ó ti jẹun.

Màmá onílé mi, òyìnbó àgbàlagbà tó ń dá gbé, ló ní kí n bá àwọn ṣe ilé fún oyin. Mo ní rárá o, ẹni tí oyin lé rí lóko Ìkòyí-Ilé kì í gbàgbé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú èyí kì í gbé pọ̀, kì í sì sábà tani. Abo kọ̀ọ̀kan ló ń wá ihò tirẹ̀, á kó oúnjẹ síbẹ̀, á yé ẹyin sí i, á wá fi ẹrẹ̀ dí i. Mo ní bírìkìlà bíi bàbá mi nìyẹn.

Mo gé ọparun kéékèèké, mo fi oríkèé sílẹ̀ lẹ́yìn kí ihò má baà já, mo fi sáńpépà ha ẹnu wọn, mo kì wọ́n sínú agolo ńlá. Ibo ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ máa gbé e kọ́? Abẹ́ igi, nínú òjìji, kí oòrùn má baà pa wọ́n. Oyin kan ò yà síbẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ta ló ń sá fún oòrùn nílùú yìí. A gbé e sára ògiri tó kọjú sí oòrùn àárọ̀, àwọn oyin sì dé.

Ẹnu ni wọ́n fi ń gbé ẹrẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo rántí bàbá mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tí wọ́n ń mọ ògiri yàrá yín, tí èmi ń fẹsẹ̀ po ẹrẹ̀, tí ẹ̀yin ń pọnmi wá, tí ẹ sì ń bú wa pé a ti ba abọ́ yín jẹ́. Àárò ilé sọ mí gan-an.

Mo wá béèrè ìgbà tí ìyá oyin yóò padà wá ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ rẹ̀. Màmá ní kì í padà. Tó bá ti dí ilé tán, kì í pẹ́ kú. Ọdún tó tẹ̀lé e làwọn ọmọ máa jáde, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Mo wọlé lọ, mo sunkún.

Ẹ má bínú, ìyá mi, n ò ní gbọ́ tiyín lórí èyí. Ilé kíkọ́ á dúró ná. Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ó gbúròó mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tẹbí-tará. Tí mo bá kanlẹ̀kùn, kí Bọ́sẹ̀ má dìde o. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣí i.

Ọmọ yín,
Àjàní