Fọ́tò Alága Lára Ògiri Ọ́fíìsì Mi

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ òfì. Ara mi le níbí n'Ìkòsì. Ìbò ti lọ; ipò kẹrin ni mo ṣe lọ́tẹ̀ yìí, ó sàn ju karùn-ún lọ. Ọ́fíìsì dákẹ́, mo ń ráyè ka ìwé òfin mi dáadáa. Wọ́n ní fọ́tò alága ìjọba ìbílẹ̀ wa tí ẹgbẹ́ alátakò yọ nípò, tí mo ṣì gbé kọ́ ògiri, ló ń lé oníbàárà. Òun ló fà mí wọ òṣèlú, mi ò ní yọ ọ́.

Lánàá, Nimat akọ̀wé mi fi fídíò kan hàn mí: alága wa ń jó láàárín àwọn tó yọ ọ́, fìlà ẹgbẹ́ wọn ló dé. Mo ní fídíò àtijọ́ ni. Ó fi déètì tó wà lára rẹ̀ hàn mí.

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Aṣọ fìlà ẹgbẹ́ wa tí mo ní kí ẹ hun, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Èmi ni, Oyèṣọlá yín.