Orogún Màámi Tó Wà ní Bákónì

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń pín lẹ́tà níbi tí ẹ wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè bá ẹlòmíràn sọ, torí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín ná.

Àlàáfíà la wà. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Kúje Amúwò ṣì ń ṣí, èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀ báyìí. Àwọn oníbàárà yín ṣì máa ń yọjú wọlé. Wọ́n á wo àga yín, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á wá ra ṣúgà tí wọn kò ní lọ́kàn láti rà. Àánú yín ló ń bá mi tajà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi sì tún ti gba ojú títì wa ní Fẹ́sítáàkì bó ṣe máa ń gbà á. Màámi ṣì wà nínú opó, wọn kì í jáde. Ibi tí wọ́n ń rìn dé jù lọ ni bákónì, nídìí òdòdó yín.

Òdòdó yín yìí gan-an ló gbé mi dé ìdí ìwé kíkọ. Òdòdó kékeré tí ewé rẹ̀ sanra bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ìkókó, tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sọ́kúléńtì. Ẹ rántí àǹtí tó ń gbé òkè wa, tó kó lọ sí Kánádà? Lọ́jọ́ tó ń dẹrù, kò rí ẹni tí yóò fi í lé lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ na ọwọ́. Ẹ fi ìṣó lu ìdí agolo mílíìkì kí omi lè máa jò, ẹ po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀, ẹ gbìn ín. Mo rò pé kò ní pẹ́ sú yín. Ọdún ń gorí ọdún, kò sú yín.

Ẹ ó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ẹ ò ní tíì ṣí fìlà lórí, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí rẹ̀. Màámi á ní oúnjẹ ń tutù. Ẹ ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, ẹ ṣì ń kí ìyàwó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní orogún. Bí wọ́n bá ń gbá bákónì, wọ́n á gbálẹ̀ yí i ká, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́yàwó ni kó máa bọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé eré ni? Mo máa ń rí wọn láti inú kíṣìnì tí wọ́n bá ti kọ ẹ̀yìn sí yín, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín.

Ẹ wá lọ, orogún sì di ọmọ.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín, nígbà tí àwọn èrò ti túká, mo bá Màámi ní bákónì pẹ̀lú búta àlùwàlá yín lọ́wọ́. Wọ́n ti ṣe àlùwàlá tán, omi tó ṣẹ́kù nínú búta ni wọ́n ń rọra dà sí ìdí òdòdó náà. Ẹkún gbọ̀n mí. N kò mọ̀ pé gbogbo ìrun ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, láti Àsùbáà títí dé Ìṣáì, lójoojúmọ́.

N kò lè bá wọn wí. Láti inú pálọ̀ tí wọ́n máa ń jókòó sí, bó ṣe rí lójú wọn nìyẹn: ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí agolo, búta wà lọ́wọ́ yín, omi ń dà. Èmi tí mo máa ń gbé táwẹ̀lì dúró tì yín ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ lẹ ń fọ̀, pé inú gọ́tà ni omi yẹn ń lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan, tí ẹ bá ti mọ́ṣáláṣí dé, lẹ máa ń ti ìka bọ inú erùpẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ ó fún un lómi díẹ̀. Bí kò bá gbẹ, ẹ ó ní ó ti yó, ó di Jímọ̀ mìíràn. Ẹ ti sọ fún mi nígbà kan pé ewé tó sanra báyẹn ní táǹkì tirẹ̀ nínú, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó de mẹ́ruwà tó ń ta omi kiri.

Mo ti ń ronú lórí ìyẹn láti ọjọ́ yìí. Ibo lẹ ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn nǹkan láìmáa fọwọ́ kàn án nígbà gbogbo? Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sí èmi náà. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìyá àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa pè wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yin, ó di Jímọ̀. Ẹ ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ẹ ó ṣàdúrà, ó tán. Nígbà yẹn mo rò pé ẹ kò bìkítà tó. Ó ti yé mi báyìí pé ìka lẹ máa ń tì bọ erùpẹ̀ mi.

Màámi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn a máa fúnni títí ọwọ́ á fi kún. Ewé ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ó já bọ́. Màámi rí i pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n bá tún fi kún omi rẹ̀. Ohun tí abiyamọ mọ̀ nìyẹn. A máa ń sọ pé àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń fi òwe yẹn wọn ìfẹ́? Kò pẹ́, ìdí rẹ̀ dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lọmọ ṣe ń wo ojú opó, kó sọ fún un pé òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀? Mo kọ́kọ́ dá ọgbọ́n. Mo gbé agolo lọ sí òdì kejì bákónì, wọ́n gbé e padà. Mo da omi inú búta nù, wọ́n bu òmíràn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn bu omi rin ín, wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ gba oyè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ ṣe mí bí i kí n lọ ra èyí tó jọ ọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì Amúwò, kí n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀. Ta ló mọ ojú orogún tó ìyálé?

Jímọ̀ tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n.

"Màámi, ẹ má bínú o. Omi yìí ti pọ̀ jù fún un. Bàbá kì í fún un lómi lójoojúmọ́. Ìdí ẹ̀ ti ń jẹrà."

Wọ́n gbé búta sílẹ̀, wọ́n ti ìka bọ inú agolo, ẹrẹ̀ ló bá ìka jáde. Wọ́n ń wò ó.

"Ṣé èmi ni mo wá ń pa á?"

"Ẹ ò mọ̀ ni, Màámi."

"Mi ò mọ̀ lóòótọ́." Wọ́n nu ìka sára aṣọ opó. "Omi tí mo ń fún bàbá yín ńkọ́?"

Bàbá mi, ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà lórí àìsàn. Dókítà ti ní kí a máa wọn omi fún yín, torí ẹsẹ̀ yín ti wú, wíwú náà sì ti ń gòkè. Ife kékeré láàárọ̀, òmíràn lálẹ́. Ẹ máa ń bẹ̀bẹ̀ fún omi bí ọmọdé. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi máa ń kúrò nínú yàrá kí n má baà gbọ́. Màámi kì í kúrò. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni mo tó mọ̀ pé bí mo bá ti jáde, wọ́n á gbé orí yín lé apá, wọ́n á fún yín mu. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ máa ń dúpẹ́.

Mo ní, "Màámi, omi kọ́ ló pa Bàbá. Àìsàn ni. Ọjọ́ ló pé." Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n n kì í ṣe dókítà. Ṣé òótọ́ ni mo sọ, àbí mo kàn fẹ́ kí wọ́n dákẹ́? Wọn kò tiẹ̀ dákẹ́. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà ju bí wọ́n ṣe sun ún lọ́jọ́ tí a sin yín.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, wọ́n ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Mo ṣe é bí ẹ ṣe ṣe é nígbà tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ àdúgbò dá a sí méjì. Mo gé orí rẹ̀ tí kò tíì jẹrà, mo ń gé e títí mo fi dé ibi tó mọ́, mo tẹ́ ẹ sórí bébà lójú fèrèsé kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ kó tó tún fara kan erùpẹ̀. Màámi kò lè wò ó. Wọ́n ní ìkà ni. Kí èèyàn gé ohun tó ń ṣàìsàn, kó tún wá fi omi dù ú? Mo ní bí ẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n gbà, torí ọ̀rọ̀ yín ṣì ni òfin nínú ilé yìí.

Ó ti wà nínú iyanrìn tuntun báyìí. Ara rẹ̀ hunjọ díẹ̀, kò sì tíì ta gbòǹgbò. Bí mo bá rọra fọwọ́ kàn án, ó ń mì. Láàárọ̀, Màámi á wá dúró tì í, wọ́n á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á kàn máa wò ó. Kò rọrùn fún wọn. Ó lè yè, ó lè má yè. Bí kò bá yè, a ó fara mọ́ ọn.

Ìbéèrè tí Màámi bi mí nípa omi yín ni n kò lè fara mọ́. Wọn kò tún bi mí mọ́, ṣùgbọ́n tí a bá jẹun tán, tí wọ́n bá gbé ife, wọ́n máa ń dúró díẹ̀ kí wọ́n tó mu. Ọkàn mi máa ń bà jẹ́ gan-an.

Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni mo ti ń retí yín lójú àlá. Ẹ̀gbọ́n yín ti rí yín ní Ìwó, wọ́n ní ẹ wọ aṣọ funfun. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù pàápàá ti rí yín. Èmi ọmọ yín, n kò tíì rí yín, ó sì ti ń bí mi nínú sí yín. Inú náà ti rọ̀. Bí wọ́n bá fún yín láyè láti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ kọjá lọ sí yàrá Màámi. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ fún wọn pé omi yẹn dùn lẹ́nu yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lọ́dọ̀ yín.