Mi Ò Gba Ìdí Igi Obì Náà Kọjá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ìyá mi, àrẹ̀dú o. Kí aró má bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin Bùọ̀dá Lásísì àti ìyàwó yín, mo kí yín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí pé ẹni tó gbé ìròyìn mi dé Òṣogbo kò gbé e fún ẹ̀yin nìkan. Mo gbọ́ pé ó sọ ọ́ níwájú mọ́ṣáláṣí pé wọ́n lu ọmọ yín níbi tó ti ń jí obì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kí àwọn tó gbọ́ tirẹ̀ gbọ́ tèmi náà.

Ẹ mọ̀ pé oṣù kẹta rèé tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá Ìwàrà. Ọyẹ́ ibí ń la ètè. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bá ń sọ Ìjẹ̀ṣà geere, kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín tán. Wíwò ni mo kúkú ń wò ní tèmi. Ohun tí mo sì ń wò jù ni ẹ̀rọ kan tí òyìnbó fi sílẹ̀ nígbà tí a gba òmìnira tó lọ sílé. Agbénigòkè ni wọ́n ń pè é. Ó ní táyà mẹ́ta, ó ní apá irin gígùn bí ọrùn lékeléke, agbọ̀n irin tí ènìyàn ń dúró sí sì wà lórí apá náà. Ẹsẹ̀ ni ẹni tó wà lókè fi ń tẹ̀ ẹ́ tó fi ń rìn, tó fi ń yí, tó fi ń ga, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè já ọsàn. Ó ti dípẹtà, ó sì ń rú èéfín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó o. Lókè níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi èdè mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní ẹ̀rọ náà nawọ́ sí ìlà obì tó wà létí ààlà, ó ní kí n já a tán kí oòrùn tó mú. Mo gba àárín oko wa, mo gòkè, mo ń já a lọ. Igi tó kẹ́yìn, ẹ̀ka rẹ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Mi ò mọ̀ pé oko Bàbá Àjàyí, àgbẹ̀ tó bá wa pààlà, ni ìdí rẹ̀ wà. Mo ti já tó apẹ̀rẹ̀ kan nígbà tí mo gbọ́ igbe olè.

Bàbá Àjàyí àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì yọ látinú igbó kòkó pẹ̀lú àdá. Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀, òun fẹ́ mọ irú ìyá tó bí olè tó ń gun ọkọ̀ wá jalè. Ẹ̀rù bà mí, ẹsẹ̀ mi tẹ ibi tí kò yẹ. Kàkà kí n sọ̀ kalẹ̀, ṣe ni mo túbọ̀ ń ga. Wọ́n rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni. Bàbá gbé àdá, ó ṣá rọ́bà tí òróró ẹ̀rọ ń gbà lábẹ́ apá irin náà. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Òróró dúdú tú sí i lójú, ó bo àyà rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, apá náà sì já wá sílẹ̀ tòun tèmi. Mo gbọ́ bí egungun ojúgun mi ṣe dá, bí igi gbígbẹ. Kí n tó mí, ọmọ rẹ̀ àgbà ti ń fi eèkù àdá lù mí lórí. Ọ̀gá sáré dé, ó fi sípánà ńlá fọ́ eyín ọmọ náà. Àbúrò rẹ̀ ṣá Ọ̀gá léjìká, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà sórí obì tí mo já. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ló wá là wá.

Ibi tí mo nà sí ni ojú mi ti bọ́ sí ìdí igi náà. Bàbá mi, ààlè wà níbẹ̀: àjákù bàtà, kùùkù àgbàdo àti àkísà pupa, ní ibi tí ẹni tó bá fẹ́ gun igi kò lè ṣàì rí. Ìdí ni ẹni tó ń gungi ti ń bẹ̀rẹ̀. Òkè ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì rí Ọ̀gá tó fi ọwọ́ tí kò dun ún já ààlè náà, tó tì í sápò.

Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n tẹ́ mi sí gbé lọ sọ́dọ̀ Lọ́jà, olórí abúlé Bàbá Àjàyí. Lójú ọ̀nà, Ọ̀gá sọ ọ́ sí mi létí pé kí n ní kò sí ààlè kankan. Ó ní ọlọ́pàá á kó Bàbá Àjàyí tọmọtọmọ, orúkọ mi á sì mọ́. Bí mo bá sọ òmíràn, kí n di ẹrù mi. Ìyá mi, ẹ mọ̀ mí, èmi tí kì í lè béèrè omi nílé onílé. Nígbà tí Lọ́jà bi mí, mo ní ààlè wà níbẹ̀. Mo ní mi ò rí i nítorí pé mi ò gba ìdí igi kọjá. Mo ní inú àpò Ọ̀gá ló wà. Wọ́n tú àpò náà, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Lọ́jà ní àìmọ̀ ni tèmi, kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ já èso láti ojú sánmà ni kó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá wo ìdí igi. Ó ní ẹni tó dá ẹsẹ̀ mi ni kó tò ó.

Ilé ẹ̀kọ́ ti lé mi. Ilé Bàbá Àjàyí ni mo wà báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi òrí fa ẹsẹ̀ mi láràárọ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ó ní ká ní ìdí igi ni òun ti bá mi ni, ọrùn mi ni òun ì bá ṣá. Lánàá, ó fa ẹsẹ̀ náà, mo pa ẹnu mọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó dáwọ́ dúró. Ó ní kí n ké jàre, ọmọ Òṣogbo, pé olè ni kì í lè ké síta. Kí n ké kí gbogbo abúlé gbọ́.

Mo ké.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, á fi àlùbáríkà sọ́wọ́ yín, kò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni Kàmọ́rù, ọmọ yín tí kò jalè.