Àdúrà Gígùn Inú Oko Tòmátì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí n jìnnà sí pásítọ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwa òṣìṣẹ́ oko, pé iṣẹ́ Ọlọ́run kọ́ nìyẹn. Ẹ ṣeun. Ta ló tún mọ̀ nípa oòrùn bí ẹni tó jókòó sábẹ́ fáànù.

Ọ̀gá wa kì í jẹ́ ká nàró mu omi. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ lòun náà, ojú ń tì í láti lé ẹni tó ń gbàdúrà. Ni pásítọ̀ bá wọ oko tọ̀ wá wá, ó ní ká dìde, ká dijú. Àwọn ìyá ìjọ ń gbé omi kiri bí a ṣe ń ṣe àmín. Àdúrà yẹn gùn títí ẹ̀yìn mi fi nà. Ẹ̀yin tí oorun máa ń gbé lọ nídìí àdúrà, kò lè yé yín.

Ẹ sọ fún Màmá pé mo ti kó kúrò nílé tí ọ̀gá fún wa. Ibi tí mo ń sùn báyìí gbòòrò, àga gígùn kún inú rẹ̀, agogo ló sì ń jí mi. Ara mi le.

Ẹ kí ìyàwó yín. Ẹ kí ìjọ yín náà, bí wọ́n bá ti jí.

Àbúrò yín.