Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe Nílé Oúnjẹ Ará Japan

Lomé, ìgbà ọyẹ́.

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àmójútó ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Àní mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ń gún létí, kí ó fara balẹ̀, a óò dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n di ilé mú láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nílé ọkọ wọn. Mo kí àwọn ahunṣọ tó wà lábẹ́ igi odán iwájú ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Mo lérò pé àlàáfíà ni gbogbo wọn wà.

Ìyá mi, lẹ́tà yìí kì í ṣe ti inú yàrá. Mo bẹ akọ̀wé tó bá máa kà á fún yín pé kí ó dúró ní ojúde lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, kí ó gbé ohùn sókè, kí àwọn ahunṣọ dáwọ́ dúró kí wọ́n gbọ́. Ojúde ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, ojúde náà ni kí èsì mi dé.

Bàbá olóbì tó máa ń kó obì wá sí Lomé ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ó bá mi níwájú ìṣọ̀ mi lọ́jà Adawlato, kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní ẹ ní ẹ ti gbọ́ pé mo ti di abọ̀rìṣà, pé mò ń forí balẹ̀ fún ère àwọn ará Japan. Ó ní Àfáà, bàbá Sàlámọ́tù àfẹ́sọ́nà mi, ti gbọ́ náà, wọ́n sì ní àwọn ò so yìgì wa mọ́, pé bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, ẹlòmíràn làwọn máa fún. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín ní kí n má tíì wọlé títí n ó fi ronú pìwàdà. Níṣojú àwọn oníbàárà mi ló ti sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan tó ń yẹ aṣọ wò lọ́wọ́ rọra gbé aṣọ náà kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi, kálámù fẹ́ ya ìwé mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Gàníyù ni, ọmọ Bàbá Àgbà, àbúrò mi tó wá kí mi lẹ́yìn ìkórè. Kò sí ará Ìsẹ́yìn mìíràn tó wọ̀ sọ́dọ̀ mi lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é lálejò kí n tó sọ ohun tó rí.

Ẹ mọ̀ pé mi ò ní ìyàwó níbí. Ọkùnrin tí kò ní ìyàwó ní Lomé, ìta ló ti ń jẹun láti àárọ̀ dé alẹ́ bí adìẹ. Láàárọ̀, màá lọ sí ẹ̀gbẹ́ wáfù, èbúté àwọn ọkọ̀ òkun, níbi tí àwọn aláàárù ti ń jẹ kọ́m, ìyẹn ẹ̀kọ líle kan tí wọ́n ń fi ata àti ẹja díndín jẹ. Lọ́sàn-án, àkùmẹ̀ ni, òkèlè àgbàdo tí wọ́n ń fi ọbẹ̀ ewé tó ń yọ̀ bí ilá jẹ. Lálẹ́, ọ̀dọ̀ Dàdá Àfí ni, obìnrin Mina kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀, àyìmólù ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wézọ̀n ni yóò kọ́kọ́ fi kí i káàbọ̀ kó tó wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú owó wá. Oúnjẹ wọn dùn, mi ò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n àárín àwọn tí èdè wọn kò tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ni mo ti ń jẹ ẹ́, tí mo bá sì jẹ tán, yàrá tí kò sẹ́nìkan ni mò ń wọ̀. Atẹ́gùn òkun á máa gbá ilẹ̀kùn, èmi nìkan ni màá máa gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá rò pé nítorí oúnjẹ lásán ni mo ṣe fẹ́ Sàlámọ́tù, kí ó wá sùn nínú yàrá yẹn.

Mo mú Gàníyù lọ sí gbogbo ibi wọ̀nyí. Ó jẹ. Mo mú un dé ọjà Àdéwúì, ó jẹ àblò, ẹ̀kọ dídùn tí wọ́n ń pọ́n sínú ewé, ó jẹ ẹ́ débi pé ó ń lá ewé. Lọ́dún yìí tí aṣọ kò tà, tí àwọn Faransé ń lé wa kiri fún owó orí, Gàníyù kò bi mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé báwo ni mo ṣe ń rí i ṣe. Mi ò bínú nígbà yẹn. Àlejò ni, ẹ̀jẹ̀ mi sì ni.

Wàyí o, ará Japan kan wà lójú títì etí òkun, aṣọ ló ń tà. Bàbá arúgbó ni, orí rẹ̀ funfun láú. Aṣọ rẹ̀ kò wọ́n tó ti Faransé, nítorí náà ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwa oníṣòwò kéékèèké ń wọ́ lọ. Ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn ilé ìtajà rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń dáná níbẹ̀ fún àwọn atukọ̀ àti àwọn òyìnbó tó bá fẹ́ jẹ ohun tí wọn ò jẹ rí. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá jẹun, torí mò ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ déédéé. Oníṣòwò wo ló máa kọ oúnjẹ ẹni tó ń gbé ọjà fún un? Mo mú Gàníyù dání.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Mo bọ́ tèmi kíá, bí a ṣe ń bọ́ ọ ní mọ́ṣáláṣí. Gàníyù ní òun ò bọ́ bàtà fún kèfèrí. Irọ́ ni. Bàtà pupa kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Adawlato, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má jí i gbé. Ló bá dúró síta, ó ń ká aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó ń yọjú wò mí.

Orí ẹní la jókòó sí. Tábìlì wọn kò ga dé orúnkún. Wọ́n kọ́kọ́ gbé aṣọ gbígbóná kékeré kan fún mi, mo fi nu ojú, mo fi nu ọrùn, àṣé ọwọ́ ni wọ́n ní kí n fi nù. Wọ́n gbé ìrẹsì tó ń lẹ̀ wá nínú àwo kékeré, omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé inú òkun sè, àti ẹja tí wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ láìsè láìyan. Mo bi bàbá náà, pẹ̀lú Faransé tí àwa méjèèjì jọ ń tiro, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyíkéyìí. Ó ní kò sí. Wọ́n gbé ọtí ìrẹsì wá, mo fi ọwọ́ bo ife, mo ní ẹ̀sìn mi kò gbà. Òun fúnra rẹ̀ gbé e kúrò, ó fi tíì rọ́pò rẹ̀. Ó fún mi ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun, ìrẹsì ń já bọ́ sí mi láyà. Mo gbé igi sílẹ̀, mo ní Bísímílááì sókè, mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi jẹun. Ẹja tútù náà kò dùn mọ́ mi lẹ́nu rárá, ata Dàdá Àfí ni ọkàn mi ń fà sí. Ṣùgbọ́n ẹja òkun ni, ẹ̀tọ́ sì ni ẹja òkun fún mùsùlùmí. Kí Àfáà sọ pé mo purọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Bàbá arúgbó yìí kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó sì tẹ orí funfun yẹn ba títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní. Bí wọ́n ṣe ń dágbére fún àlejò nìyẹn nílùú wọn. Ìyá mi, kí ni ẹ ní kí n ṣe? Ó ju Bàbá Àgbà lọ lọ́jọ́ orí. Níbi tí ẹ bí mi sí, bí àgbà bá kúnlẹ̀ kí ọmọdé, bí èpè ló ń rí lórí ọmọ náà. Ara mi kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí n tó mọ̀, àyà mi kanlẹ̀. Bàbá gbójú sókè, ó rí i pé mo ti rẹlẹ̀ ju òun lọ, ẹ̀rù bà á, ó tún tẹ̀ ba sí i. Mo rí i, èmi náà tún lẹ̀ mọ́ ẹní. Báyìí la wà, ẹnìkankan ò fẹ́ kọ́kọ́ dìde, títí ìyàwó rẹ̀ fi wọlé wá kó àwo, tó fọwọ́ bo ẹnu, tó bú sẹ́rìn-ín. Lára ògiri lẹ́yìn bàbá náà, wọ́n gbé bébà gígùn kan kọ́, wọ́n ya òkè sí i lára, ìkòkò òdòdó kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ère tí mo forí balẹ̀ fún nìyẹn. Àwòrán òkè.

Gàníyù rí mi nílẹ̀ lóòótọ́. Mi ò sọ pé ojú rẹ̀ purọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí kò fi bi mí. A jọ rìn padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó bá mi jẹ nínú àwo kan náà lọ́dọ̀ Dàdá Àfí, ó sì ní kí wọ́n fi ẹja kún un. Ṣé a máa ń bá abọ̀rìṣà jẹ nínú àwo kan ni? Àṣé ó di ìgbà tí ikùn yó, tí ọkọ̀ gbé e délé, kí ẹ̀sìn rẹ̀ tó jí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gàníyù ló jù ú sílẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣà á.

Ẹ bá mi sọ fún Àfáà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ tí a wá tọrọ Sàlámọ́tù, mo dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ wọn. Wọn ò tètè ní kí n dìde, símẹ́ǹtì ń jẹ mí láyà, wọ́n ń bá àwọn àgbà ilé wa sọ̀rọ̀ lọ. Aago ńlá kan wà lára ògiri lẹ́yìn orí wọn, ó ń lu kò, kò, kò. Ṣé aago ni mo bọ lọ́jọ́ yẹn? Àwọn náà gba ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yẹn nínú wáàsí.

Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá mi? Ọ̀dọ̀ yín ló ti dùn mí jù. Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé bí mo bá rí àgbà, kí n wólẹ̀, ìbáà jẹ́ àgbà tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ ò sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ wo ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ gbọ́ pé ọmọ yín wà nílẹ̀, ẹ ò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni wọ́n ń ròyìn fún yín.

Lálẹ́ ọjọ́ tí bàbá olóbì jíṣẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ Dàdá Àfí. Dàdá Àfí rí i pé mo ṣẹ́ oúnjẹ kù, ó fi ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bi mí pé kí ló ṣe mí. Ará Japan yẹn kò rí mi kí n wá gbé ọjà, ó ránṣẹ́ pé ṣé ẹja ọjọ́sí ló bí mi nínú. Àwọn yẹn bèèrè. Ẹ̀yin ò rán bàbá olóbì kí ó wá bi mí, ìdájọ́ ni ẹ dì fún un.

Mo ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ àwọn Faransé, màá wọ ọkọ̀ kí ààwẹ̀ tó parí. Bí mo bá dé, màá dọ̀bálẹ̀ fún yín ní ojúde, níṣojú gbogbo wọn, kí Gàníyù wá dárúkọ òrìṣà tí mò ń bọ. Lẹ́yìn náà màá lọ bá Àfáà. Bí wọn ò bá fẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ mi mọ́, màá dúró ṣánṣán, màá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, màá sọ pé bọ̀nsúù bí Faransé. Kí wọ́n mú èyí tó wù wọ́n níbẹ̀. Bí Sàlámọ́tù bá sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́, màá gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ lẹ́rán tí wọ́n fi í fún ẹlòmíràn kí n tó dé, ẹ má dáná dè mí. Màá kí yín, màá sì padà sọ́dọ̀ àwọn tí kò bí mi.

Kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà, kí ó gba ààwẹ̀ yín, kí ó má jẹ́ kí ẹ sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ kí gbogbo ilé tọmọdé tàgbà. Ẹ kí Gàníyù náà, torí ẹ kọ́ mi pé a kì í fo ẹnìkan bí a bá ń kí ilé.

Èmi ni Sùnmọ́nù, ọmọ yín. Ẹ ṣì lè bi mí.