Ẹyẹ Tí Ó Dá Bàbá Rẹ Lóhùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ìkókó tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ló mú mi kọ̀wé, torí kò ṣeé sọ lórí fóònù nígbà tó jókòó tì mí.

O mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwádìí ẹyẹ àti ẹranko ti ń wá ẹyẹ aláyà-pupa yẹn. Tẹ́lẹ̀, igbó kún fún un. Àwọn agégi wọlé, ẹyẹ pòórá. Àwọn ọ̀gá wá sọ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lásìkò òjò yìí, àwọn yóò kéde pé ó ti parun. Bàbá rẹ ní kí wọ́n má tíì sin ẹni tí wọn kò rí òkú rẹ̀.

O rántí bí wọ́n ṣe ń wá a: láàárọ̀ kùtù, wọn á súfèé bíi ti ẹyẹ náà, wọn á dákẹ́, wọn á fetí sílẹ̀. Bó bá wà nítòsí, yóò dáhùn. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, ó dáhùn.

Bàbá rẹ sáré wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó gbá mi mọ́ra níwájú àwọn aládùúgbò, ọkùnrin tí kì í di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú nígboro! Ó ní, "Ìyá ọmọ, mo pè é, ó sì jẹ́!" Ó ní dandan ká jọ lọ sílé ìwádìí.

Ibẹ̀ la bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bàbá Onígíláàsì, tí òun náà ń fò sókè pé òun gbọ́ ẹyẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, odò ti kún bo ọ̀nà tí òun máa ń gbà wá ẹyẹ, ló bá yà sápá ibi tí bàbá rẹ wà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó tan rẹ́kọ́dà rẹ̀. A gbọ́ súfèé tirẹ̀, a gbọ́ ìdáhùn. Lẹ́yìn ìdáhùn náà la gbọ́ ikọ́ kékeré kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ẹni tó bá sùn ti ikọ́ yẹn tó bí mo ṣe sùn tì í kò lè ṣì í mọ̀.

Àgbà méjì ló ń pe ara wọn nínú igbó, tí oníkálukú rò pé ẹyẹ ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Onígíláàsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Òjò ti dá. Wọ́n ti kéde. Bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ì bá jà, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Lánàá ó dúró lẹ́yìnkùlé, ó súfèé, ó sì dákẹ́. Mo wà nídìí fèrèsé ilé ìdáná. Mo mọ súfèé náà dáadáa, ètè mi tilẹ̀ ti ká jọ. Ṣùgbọ́n mi ò dá a lóhùn. Ó dúró pẹ́ kó tó wọlé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ pe ohun tí ẹ fẹ́ràn kó má jẹ́ yín. Ilé yín kò ní dá páropáro.

Èmi ni ìyá tó bí ọ.

Tún gbọ́: Bó o bá pe bàbá rẹ, má dárúkọ ẹyẹ. Bi í bóyá ó ti jẹun. Yóò ní òun ti jẹ. Má gbà á gbọ́.